Bí A Ṣe Fi Ọ̀wẹ̀ Sọ Tírélà Ẹrù Di Yàrá Rádíò Ẹgbẹ́ Wa

Nígbà tí ìjì Beryl wọ Texas ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, iná lọ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 2 ní Houston àti àgbègbè rẹ̀. Ẹgbẹ́ rádíò ham ni mò ń bá ṣe níbẹ̀, àwa tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé àṣẹ láti fi rádíò tiwa bá ara wa sọ̀rọ̀ láìlo òpó tẹlifóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká wúlò. Rádíò wà ní gáréèjì ẹnì kan ní Katy lápá ìwọ̀-oòrùn Houston, bátìrì wà ní Pearland lápá gúúsù, òpó áńténà wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí igi wó dí ẹnu géètì rẹ̀. Kálukú jókòó ti nǹkan tirẹ̀ bí ẹni tó ní abẹ́rẹ́ tí kò ní òwú.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ká ra tírélà, ká kó gbogbo ẹrù sí i, ká sì tún inú rẹ̀ ṣe kí èèyàn méjì lè jókòó níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n darí rẹ̀, torí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Tírélà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì lọ́nà Lọ́kọ́ja o. Àpótí ńlá onítáyà méjì ni, tí ọkọ̀ ilé lásán lè fà. Tiwa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó gùn ní 12, a sì rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi ń kó ẹ̀rọ ìgékoríko. Kí n tó sanwó, mo wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mo ní kí ẹni tá a jọ lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ́ wọlé, ibẹ̀ ni òjò máa gbà. Mo rí ojú méjì, ọ̀kan lórí òrùlé, ọ̀kan lápá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mo fi sukudiráfà gún pákó ilẹ̀ káàkiri bí ẹni tó ń wò bóyá iṣu ti jinná. Kò sí ibi tó rọ̀. Táyà ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ti tírélà náà jẹ́ 2316, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. A yọ owó táyà kúrò nínú iye tí ọkùnrin náà pè.

Nǹkan tó wá ṣe pàtàkì jù lára gbogbo rẹ̀ ni bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara irin níwájú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tírélà àti ẹrù inú rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju 2,990 pọ́ùn lọ. Mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n ní ibùdókọ̀ àwọn onítírélà ńlá, wọ́n wọ̀n ọ́n lófìfo, ó jẹ́ 1,200. Èyí tó ṣẹ́ kù fún wa ò ju 1,790 lọ, inú ìyẹn sì ni ìwọ̀n pákó ara ògiri, bátìrì, jẹnẹrétọ̀, àga àti omi mímu máa ti jáde.

Ẹni tí kò bá tíì darí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn rí kò lè mọ ìdí tí nọ́ńbà yìí fi dùn mọ́ mi. O ò san kọ́bọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n sì mọṣẹ́ jù ọ́ lọ. Bí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún bá sọ pé kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ti wà ní gáréèjì òun láti ọjọ́ pípẹ́ lòun fẹ́ fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, ẹnu wo lo máa fi sọ pé o ò fẹ́? Mo lẹ ìwé kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo fa ìlà sí i: orúkọ ohun tó fẹ́ wọlé, ìwọ̀n rẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù. Mo gbé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara nílé ìwẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù bàbá jẹ́ 140 pọ́ùn. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á, ló mi orí, ló gbé e padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá a jiyàn.

Ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé náà bọ́ síta báyìí, torí wọ́n máa ń tó bíi 80 pọ́ùn, ó sì tún máa jẹ́ ká gé ihò mìíràn. Ti ojú fèrèsé kékeré la lò, tó jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì gba àkókò díẹ̀. Àwọn àgbà fẹ́ ti olómi ásíìdì nítorí owó. Ọ̀kan rẹ̀ tó jẹ́ 100 amp-hour, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, máa ń tó 60 pọ́ùn, kò sì yẹ kéèyàn lò ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ bí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Lithium irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 tó jẹ́ 100 amp-hour kò ju bíi 25 sí 30 lọ, o sì lè lò ó dé ìsàlẹ̀. Méjì la rà. Lápapọ̀, wọ́n fún wa ní agbára iná 2,560 watt-hour, ìwọ̀n wọn ò sì tó ti ẹyọ kan ṣoṣo nínú ti olómi.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ìwé ìwọ̀n jà ni Bọ̀dá Káfíńtà. Ọmọ Ṣakí ni, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, rádíò ò sì kàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ ni, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ pákó gé bíi tirẹ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ní Houston. Ó fẹ́ fi plywood ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣe tábìlì. Mo ní a ò lè lò ju ìdajì ínṣì lọ.

"Àbúrò, ta ló kọ́ ọ pé wọ́n ń gbé pákó sórí ìwọ̀n?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo bébà yẹn."

"Tí wọ́n bá gbé rádíò lé e tó tẹ̀ ńkọ́?"

Ó rò ó fúngbà díẹ̀, ó wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba etí tábìlì lábẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dúró lóòró bí igi àjà. Tábìlì ìdajì ínṣì yẹn, mo ti jókòó lé e, kò mì. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó dára jù nínú tírélà náà.

Ọ̀nà tí a gbà pín iṣẹ́ ni pé ohun tá a bá bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀ Sátidé gbọ́dọ̀ parí kó tó di aago mọ́kànlá. Ìdí àkọ́kọ́ ni oòrùn: inú àpótí irin ní Houston lóṣù Kẹrin ti ń dà bí ààrò. Ìdí kejì ni pé ẹni tó bá parí nǹkan tó fojú rí máa padà wá. Ẹni tó bá fi gbogbo àárọ̀ di ọwọ́ pákó mú fún ẹlòmíràn á ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì pé ẹ̀yìn ń dun òun. Torí náà, bí ẹni mẹ́jọ bá wá, mi ò kó ẹni mẹ́jọ sínú tírélà. Ẹni mẹ́ta ló máa ń wà nínú, àwọn yòókù á wà lábẹ́ igi, wọ́n á máa gé wáyà, wọ́n á máa kọ àmì sí i, wọ́n á máa kun pákó. Ìyàwó mi á gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò wá. Mo mọ àwọn méjì tó jẹ́ pé dòdò ló ń mú wọn wá, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Òrùlé la fi bẹ̀rẹ̀. Ihò fáànù tó ń fa ooru jáde jẹ́ ínṣì 14 níbùú àti lóròó, àárín igi irin méjì ló sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí. A wọ̀n ọ́n láti inú, a lu ihò kékeré mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó yọ sókè, a gun orí òrùlé a sì fi ìlà so wọ́n pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ayùn. A lẹ téèpù iná yí ojú ibi tí a fẹ́ gé, kí ayùn má bàa họ ara irin. Lẹ́yìn náà la tẹ́ téèpù butyl, tó rọ̀ bíi gọ́ọ̀mù, sábẹ́ etí fáànù, a di síkúrù ní igun sí igun, díẹ̀díẹ̀, títí butyl fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíká. Tó bá yọ níbì kan tí kò yọ níbì kejì, omi máa wọlé. A fi gọ́ọ̀mù òrùlé bo orí síkúrù kọ̀ọ̀kan. A tún ojú tí mo rí lọ́jọ́ tá a rà á náà ṣe, a wá fi páìpù omi rọ̀jò sí i lórí kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ògiri.

Wáyà ló tẹ̀ lé e. Rewáyà tó ti fẹ̀yìn tì kan wà nínú ẹgbẹ́, òyìnbó tó máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kan. Òun nìkan ni mo gbà kó fọwọ́ kan apá iná ilé. Ibi tí iná ti ń wọlé lára ògiri jẹ́ ti 30 amp, wáyà tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 10 gauge ló lò síbẹ̀. Kò sì jẹ́ kí wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, àti wáyà ilẹ̀ pàdé nínú àpótí bíréékà tírélà, torí ibi tí iná ti ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti pàdé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì, iná lè gba ara tírélà padà, ẹni tó dúró lórí koríko tútù tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ló máa mọ̀ ọ́n. Apá bátìrì la jẹ́ kí àwọn yòókù ṣe. Rádíò 100 watt máa ń fa bíi 20 amp nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kó sì kúrú, fíùsì sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kó má jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rádíò.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tún tírélà ṣe fún ìrìn àjò kì í ronú kàn, tó sì ṣe pàtàkì fún tiwa. Àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú àti ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà máa ń hó nínú rádíò bí epo tó gbóná lórí iná. Kí a tó de ohunkóhun mọ́ ògiri, a tan rádíò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a tan nǹkan náà, a tẹ́tí. Gílóòbù tí wọ́n kọ́kọ́ rà kò kọjá ìdánwò yìí. Ó ti lọ sí ilé ìdáná ẹnì kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Kí ògiri tó bo wáyà, mo ya fọ́tò gbogbo ibi tó gbà, mo sì fi téèpù ìwọ̀n sínú fọ́tò. Fóòmù líle onínípọn ínṣì 1 wọ àárín àwọn igi irin, plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀. Kíkùn ò gba wàhálà.

Nígbà tí gbogbo ẹrù ti wọlé, a tún gbé e lọ sórí ìwọ̀n: 2,640. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ nìkan kọ́ ni. Ìwọ̀n tó ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà lódindi. Bó bá kéré jù, tírélà á máa jù sọ́tùn-ún sósì lọ́nà márosẹ̀, á sì fa ọkọ̀ lọ́wọ́. Tiwa jẹ́ 230, kò tó. A gbé bátìrì méjèèjì àti àpótí irinṣẹ́ wá síwájú, ó di 310. Bọ̀dá Káfíńtà ló tún àpótí bátìrì kàn, kò sì dákẹ́ títí ó fi parí.

Ní oṣù Kẹfà, a gbé e lọ sí Field Day, ìdánrawò tí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn onírádíò ham ní Amẹ́ríkà, máa ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ kíkún kẹrin oṣù náà lọ́dọọdún. Aago kan ọ̀sán Sátidé ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A gbé pẹpẹ irin ìdí òpó áńténà sílẹ̀, a wa táyà tírélà gorí rẹ̀, òpó dúró láìsí pé a gbẹ́ ilẹ̀. Bátìrì gbé rádíò dé òru. Lọ́sàn-án, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé amúlétutù, a sì gbé e jìnnà kí èéfín má bàa wọlé. Ohun tí wọ́n ṣàròyé lé lórí jù ni àga: ó le.

Ẹni mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó sì ti wa tírélà sẹ́yìn yípo nínú pápá ọkọ̀ lójú wa nìkan ló lè fà á. Wọ́n máa ń yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn máìlì 50 bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà. Ìwé ìwọ̀n ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún ẹrù á kọ ohun tó máa yọ síwájú rẹ̀.