Tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ wá darí ọ́fíìsì EEO níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà pọ̀, àwọn mìíì sì ti ń dé ipò ọ̀gá ní ọ́fíìsì EEO, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń rí sí i pé wọn ò rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ nítorí àwọ̀ ara ẹ̀, ẹ̀sìn ẹ̀, ibi tó ti wá, ọjọ́ orí ẹ̀, àìlera ẹ̀, tàbí torí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn: ẹ kì í ṣe lọ́yà òṣìṣẹ́, ẹ kì í sì í ṣe lọ́yà ọ̀gá. Ìlànà lẹ ń ṣọ́. Kí ẹni tó ní ẹ̀sùn rí ibi gbé e lọ, kí wọ́n wádìí ẹ̀ dáadáa lásìkò, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà ráyè sọ tẹnu ẹ̀. Òṣìṣẹ́ máa ní ẹ ti bá ọ̀gá lẹ̀dí àpò pọ̀, ọ̀gá máa ní ẹ̀ ń kì òṣìṣẹ́ láyà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ìgbà tó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ló ń bínú sí yín ní gbogbo ìgbà, ìgbà yẹn ni kẹ́ẹ yẹ ara yín wò.

Òfin tẹ́ẹ dúró lé ńkọ́? Civil Rights Act ti 1964 ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, Title VII inú ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é kò kan òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rárá, àfi ní 1972 tí Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì tún un ṣe. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, Civil Service Commission tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ ìjọba náà ló tún ń bójú tó ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ẹ̀ rọ́rọ̀, ètò tí Ààrẹ Carter gbé kalẹ̀ ní 1978 ló kó iṣẹ́ yẹn fún EEOC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti ojúsàájú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ Equal Pay Act ti 1963, òfin ọjọ́ orí ti 1967 tó ń dáàbò bo ẹni tó bá ti pé 40 ọdún sókè, Section 501 nínú Rehabilitation Act ti 1973 fún àwọn akàndá ẹ̀dá, GINA ti 2008 lórí ìròyìn àjogúnbá ara, àti Pregnant Workers Fairness Act tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 27, 2023 fún àwọn aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìwé mẹ́ta ló yẹ kó máa wà lórí tábìlì yín: 29 CFR Part 1614, ìyẹn ìlànà lórí ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, MD-110, ìtọ́nisọ́nà EEOC lórí bí wọ́n ṣe ń bójú tó ẹ̀sùn, àti MD-715, ìtọ́nisọ́nà EEOC lórí bí iléeṣẹ́ ṣe máa yẹ ara ẹ̀ wò lọ́dọọdún bóyá nǹkan kan ń dènà àwọn kan níbẹ̀. Ẹ kà wọ́n fúnra yín o, ẹ má gbára lé ohun tí ẹni tẹ́ẹ bá nípò yẹn sọ fún yín. Àwọn ọ́fíìsì kan tún máa ń da Title VI inú òfin 1964 yẹn pọ̀ mọ́ ọn, èyí tó kan aráàlú tó ń gbádùn ètò tí owó ìjọba àpapọ̀ wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ ya fáìlì wọn sọ́tọ̀.

Ọ̀gá pátápátá ni kẹ́ẹ máa jábọ̀ fún

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù iṣẹ́ yìí nìyí, kó tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlànà 1614 sọ ọ́ kedere pé olórí iléeṣẹ́ gan-an ni dírẹ́kítọ̀ EEO máa jábọ̀ fún, òfin Elijah Cummings tó di òfin ní January 1, 2021 sì tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Tí wọ́n bá wá fi yín sábẹ́ dírẹ́kítọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, kẹ́ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpinnu ọ́fíìsì yẹn gan-an làwọn èèyàn ń wá fi sùn lọ́dọ̀ yín: ta ni wọ́n gbà, ta ni wọ́n gbé ga, ta ni wọ́n lé. Báwo lẹ ṣe fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹni tó ń fún yín ní máàkì lópin ọdún wò?

Nígbà tẹ́ẹ bá kọ́kọ́ rí olórí yẹn, ẹ má lọ fi wákàtí kan kí i kú oríire, ẹ lọ béèrè nǹkan. Ẹ ní kó fọwọ́ sí ìwé ìlànà EEO lọ́dọọdún lórúkọ ara ẹ̀, kó fún yín ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tó dá dúró, nítorí owó olùwádìí ò gbọ́dọ̀ máa dúró de ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó tó jáde, kẹ́ẹ sì máa wà níbi tí wọ́n bá ti ń jíròrò àtúntò iléeṣẹ́ tàbí dídín òṣìṣẹ́ kù. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n parí ẹ̀ ni wọ́n ń pè yín, ẹ̀sùn nìkan lẹ máa máa kó.

Kàlẹ́ńdà lọ̀gá yín kejì

Mi ò ṣàwàdà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó fìdí rẹmi lójú adájọ́ EEOC, kì í ṣe torí pé wọ́n ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, torí pé wọ́n fàkókò ṣòfò ni. Bó ṣe ń lọ rèé: òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 45 láti kàn sí káńsẹ́lọ̀, ìyẹn ẹni tó kọ́kọ́ ń gbọ́ ẹ̀sùn fún ọ́fíìsì EEO, látọjọ́ tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀, káńsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 30 láti wá bí wọ́n ṣe máa yanjú ẹ̀ nítùbí-ìnùbí, ó lè di 90 tí ẹni náà bá gbà kí wọ́n sún un tàbí kí wọ́n ṣe ìlàjà, tí kò bá yanjú ẹ ó fún un ní lẹ́tà, látọjọ́ tí lẹ́tà yẹn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ó ní ọjọ́ 15 láti kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Látọjọ́ tó bá kọ ọ́ ni ọjọ́ 180 yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Tó bá fi ẹ̀sùn mìíì kún un ó lè lọ títí dé 360, kò gbọ́dọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ìwádìí bá dọ́wọ́ ẹ̀, ó ní ọjọ́ 30 láti yàn bóyá ó fẹ́ lọ síwájú adájọ́ EEOC ni àbí ó fẹ́ kí iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ ṣèpinnu, tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ó ní ọjọ́ 60, tó bá jẹ́ adájọ́ ló dá a, iléeṣẹ́ ní ọjọ́ 40 láti sọ bóyá ó máa tẹ̀ lé e. Tí ìpinnu ò bá tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, ọjọ́ 30 ló ní láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí EEOC.

Ọjọ́ 180 yẹn ló ń pa èèyàn. Ohun tó ń fà á kì í ṣe nǹkan ńlá, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá olùwádìí, máníjà á ní òun ò tíì ráyè kọ gbólóhùn òun, lọ́yà á ní kí òun kọ́kọ́ wò ó. Torí náà ẹ ti ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn olùwádìí sílẹ̀ kí ẹ̀sùn tó dé. Ẹ ṣe tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹjọ́ wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó kù, ẹ máa wò ó láràárọ̀ Mọ́ńdè, èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ 100 tí ìwé ìwádìí ò tíì sí, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ẹ gbé fóònù, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ yín. Tó bá wá dọjọ́ 180 tí kò tíì parí, ìlànà ní kẹ́ẹ kọ̀wé sí ẹni náà, kẹ́ẹ sọ ìgbà tó máa parí, kẹ́ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá adájọ́. Ẹ má fi pamọ́. Adájọ́ lè fìyà jẹ iléeṣẹ́ nítorí ìwádìí tó pẹ́, ó tiẹ̀ lè dá ẹni náà láre láìtíì gbọ́ ẹjọ́.

Ọjọ́ 45 náà ní tiẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ bá pẹ́, àmọ́ tí wọn ò sọ gbèdéke yẹn fún un rí tí òun náà ò sì mọ̀, dandan ni kẹ́ẹ fún un láyè. Torí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tójú ti máa rí i, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe lè rí káńsẹ́lọ̀, kẹ́ẹ sì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ látilé.

Àwọn ẹjọ́ kan wà tí wọ́n tún lè gbé lọ sí MSPB, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí iléeṣẹ́ bá fìyà jẹ, bíi kí wọ́n lé èèyàn níṣẹ́ tàbí kí wọ́n dá a dúró ju ọjọ́ 14 lọ. Kàlẹ́ńdà tiwọn yàtọ̀: tí ọjọ́ 120 bá kọjá tí iléeṣẹ́ ò tíì ṣèpinnu, ẹni náà lè kọrí sí MSPB. Ẹ fi àmì sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ látọjọ́ kìíní.

Káńsẹ́lọ̀, lọ́yà, máníjà

Káńsẹ́lọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ gba wákàtí 32 ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà wákàtí 8 lọ́dọọdún. Bákan náà ni ti olùwádìí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo máa ń wò lára káńsẹ́lọ̀ ni bóyá ó lè gbẹ́nu dákẹ́, torí pé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó wá bá a fún ẹnikẹ́ni àyàfi tí ẹni náà bá gbà, títí ìgbà tó bá kọ ẹ̀sùn sílẹ̀. Ohun kejì ni bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn tó gùn kó sì kọ ọ́ papọ̀. Ẹnì kan á ní ọ̀gá òun ń bú òun ní mítínì, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ń fi ìlàkàkà òun ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ. Káńsẹ́lọ̀ tí kò mọṣẹ́ á já a sí wẹ́wẹ́, á ní èyí ti kọjá ọjọ́ 45, èyí kéré jù, èyí kì í ṣe nǹkan. Tí EEOC bá rí i wọ́n á dá a padà fún yín, torí pé ìdààmú lẹ́nu iṣẹ́, odindi ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹjọ́ Muldrow tí Kọ́ọ̀tù Gíga Jù Lọ dá ní 2024 ti sọ pé ẹni tí wọ́n ṣí nípò padà torí ojúsàájú ò ní láti fi hàn pé ìpalára ẹ̀ pọ̀, ìpalára díẹ̀ náà ti tó. Ní 2025 wọ́n tún dá ẹjọ́ Ames, pé òṣùwọ̀n kan náà ni fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá jẹ́ ara àwọn tó pọ̀ jù láwùjọ ò ní láti kọjá òkè tó ga ju ti ẹlòmíì lọ.

Lọ́yà iléeṣẹ́ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, kì í ṣe ọ̀gá yín. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó gbèjà iléeṣẹ́, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ bá yín ṣàtúnkọ gbólóhùn ẹlẹ́rìí, kò gbọ́dọ̀ sọ fún yín ẹ̀sùn tẹ́ẹ máa gbà àtèyí tẹ́ẹ máa dà nù. MD-110 ní kí ààlà wà láàárín yín. Ẹ ní lọ́yà míì tó ń bá yín wo bí òfin ṣe tọ̀nà, tí kì í ṣe ẹni tó máa lọ gbèjà ẹjọ́ náà.

Ìgbẹ̀san lẹ̀sùn tó ń wáyé jù níṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ lè má lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n máníjà bínú, ó yí iṣẹ́ ẹni náà padà, ó ti sọ ẹjọ́ tó fẹ́ jàre di èyí tó máa jẹ̀bi. Ọjọ́ tí máníjà bá mọ̀ pé wọ́n fẹjọ́ òun sùn ni kẹ́ẹ pè é. Ẹ sọ fún un báyìí: "Mo mọ̀ pé ó dùn yín, ẹ ó ráyè sọ tiyín. Ẹ má lọ bi í léèrè ìdí tó fi fẹjọ́ yín sùn. Ẹ má bá ẹlòmíì ní ẹ̀ka yín sọ ọ́. Tẹ́ẹ bá fẹ́ yí iṣẹ́ ẹ̀ tàbí máàkì ẹ̀ padà láti òní, ẹ kọ́kọ́ pè mí." Ẹ tún fi ímeèlì ránṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó máa ń bí àwọn kan nínú, kò burú.

Tẹ́ẹ bá ń ṣe ìlàjà, ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí owó tàbí ipò ni kó jókòó, kì í ṣe máníjà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Kẹ́ẹ sì kọ ọjọ́ pàtó sínú àdéhùn, torí pé tí iléeṣẹ́ bá yẹ̀ ẹ́, ẹni náà ní ọjọ́ 30 látìgbà tó bá mọ̀ láti kọ̀wé sí ẹ̀yin dírẹ́kítọ̀.

Ní ti àwọn akàndá ẹ̀dá, ìlànà 2017 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa lépa 12% òṣìṣẹ́ tó ní àìlera àti 2% tó ní àwọn àìlera líle kan pàtó, láwọn ipò òkè àti láwọn ipò ìsàlẹ̀. Tí ẹnì kan bá béèrè àyípadà tó máa jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, bíi àga míì tàbí ìyípadà wákàtí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ti ẹ̀sìn náà ti yí padà: ẹjọ́ Groff tí wọ́n dá ní 2023, tí òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday pè, ti sọ pé iléeṣẹ́ ò lè kàn ní ìnira díẹ̀ ló wà níbẹ̀ kó fi kọ̀, ìnira náà gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an fún iṣẹ́ ẹ̀.

MD-715 àti No FEAR

Ìròyìn MD-715 làwọn kan ń fi ọwọ́ òsì kọ, wọ́n á da ti èṣí kọ sí tọdún yìí. Ẹ̀yin ẹ fi ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ mú ipò kan tẹ́ẹ rí i pé irú àwọn èèyàn kan kì í dé, kẹ́ẹ tọpa ẹ̀: ṣé wọn ò kọ̀wé béèrè ni, ṣé wọ́n kọ̀wé àmọ́ wọn ò pè wọ́n fún íńtáfíù, àbí wọ́n pè wọ́n tán wọn ò mú wọn? Nígbà míì ẹ ó rí i pé ipò fìdíhẹ tí máníjà ń fún àwọn tó fẹ́ràn láìkéde ló ń múra àwọn ẹni yẹn sílẹ̀ fún ìgbéga. Ìyẹn ni ìdènà, ìlànà pé kí wọ́n máa kéde ẹ̀ ló máa tún un ṣe. MD-715 ò ní kẹ́ẹ yan ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ ara ẹ̀, òfin ò tiẹ̀ gbà á. Ẹ sì jẹ́ kí èyí yé àwọn ọ̀gá: àwọn ọ́fíìsì DEI, ìyẹn àwọn tó ń rí sí i pé oríṣiríṣi èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n sì ń gba gbogbo wọn mọ́ra, tí àṣẹ ààrẹ ní kí wọ́n tì pa ní January 2025 kọ́ ni EEO. Kọ́ńgrẹ́ẹ̀sì ló fòfin dá EEO sílẹ̀.

No FEAR Act ti 2002 ni kẹ́ẹ fi mú olórí iléeṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Òun ló ní kí òṣìṣẹ́ tuntun gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọjọ́ 90, kí gbogbo èèyàn sì máa gbà á ní ọdún méjì-méjì, kẹ́ẹ máa gbé iye ẹ̀sùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé owó tí wọ́n bá san lórí ẹjọ́ kọ́ọ̀tù, bọ́jẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló máa dá a padà. Owó ìtanràn ìbànújẹ́ lè tó $300,000 fún ẹnì kan níléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ju 500 lọ, ẹ ò tíì ka owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ àti owó lọ́yà.

Form 462, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún lórí ẹ̀sùn tẹ́ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí EEOC, máa ń jáde ní October 31, tẹ́ẹ bá ti parí ẹ̀, ẹ ti ní ohun tẹ́ẹ máa gbé lọ bá olórí fún àlàyé ọdọọdún. Ẹ má gbé síláìdì ogójì lọ. Iye ẹjọ́ tó kọjá ọjọ́ 180, iye owó tó jáde, àti ẹ̀ka tí orúkọ máníjà kan náà ti ń jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àwọn yẹn ni kẹ́ẹ fi síwájú ẹ̀. Kẹ́ẹ mú ìwé ohun tẹ́ẹ fẹ́ kó ṣe dání, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́, kó fọwọ́ sí i kẹ́ẹ tó dìde.