Bí A Ṣe Ń Fi Kẹ̀kẹ́ àti Ẹsẹ̀ Lọ Gun Ben Macdui ní Skọ́tíláǹdì

Ben Macdui, òkè kejì tó ga jù ní ilẹ̀ Bìrìtéènì (mítà 1,309), jìnnà sí títì ọlọ́dà, ìdí sì nìyí tí àwọn tó mọ Cairngorms, agbègbè olókè tó wà níbẹ̀, fi máa ń gun kẹ̀kẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òfin ọdún 2003 fàyè gba ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ láti kọjá lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ti ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́.

Láti Linn of Dee, nítòsí abúlé Braemar, ó tó kìlómítà 5 dé Derry Lodge, ilé àtijọ́ kan tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lójú ọ̀nà náà, nítorí náà kẹ̀kẹ́ àlòkù tó ní táyà fífẹ̀ dára ju èyí tó wọ́n lọ. Ẹ so ó mọ́ igi, ẹ fi ọ̀rá bo ìjókòó rẹ̀, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò tí ẹ kò ní ṣí mọ́ títí ẹ ó fi padà dé.

Kẹ̀kẹ́ a máa tan èèyàn jẹ ní ti àkókò. Láti Derry Lodge dé orí òkè tó kìlómítà 8, gíga tí ẹ ó gùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 900. Ìṣirò tí Naismith, agunkè ará Skọ́tíláǹdì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1892, wákàtí kan fún kìlómítà 5 àti òmíràn fún mítà 600 ní gíga, fi hàn pé yóò gbà tó wákàtí 3 láìsinmi. Aago 9 àárọ̀ kò gbọdọ̀ bá yín ní Derry Lodge. Gígun òkè náà kò ṣòro: ẹ tẹ̀lé odò Luibeg, kí ẹ sì gba èjìká òkè tí wọ́n ń pè ní Sron Riach lọ.

Sísọ̀ kalẹ̀ nínú ìkùukùu ni wàhálà wà. Orí òkè náà tẹ́jú, òkúta rẹ̀ jọra, ọ̀nà Sron Riach sì gba etí ọ̀gbun Coire Sputan Dearg. Ẹ gbé etí kọ́ńpáàsì lé máàpù láti ibi tí ẹ wà dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ yí ojú kọ́ńpáàsì títí ìlà inú rẹ̀ yóò fi bá ìlà àríwá máàpù mu, lẹ́yìn náà kí ẹ yí gbogbo ara yín títí orí pupa abẹ́rẹ́ yóò fi bọ́ sínú ọfà tí wọ́n yà sínú ojú kọ́ńpáàsì. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í ṣe: ìdí abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ inú ọfà, wọn a sì fi ìdánilójú kọrí sí òdìkejì. Ẹ gbé fóònù jìnnà sí kọ́ńpáàsì pẹ̀lú, nítorí òòfà inú rẹ̀ a máa da abẹ́rẹ́ láàmú.

Ẹ má ṣe fi ìlà kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ pín ọ̀nà náà kéékèèké, kí ìlà kankan má ṣe gba orí ọ̀gbun kọjá. Ilé ni mo ti máa ń ṣe ìṣirò yìí, tí mo ń kọ ọ́ sórí bébà tí mo fi ọ̀rá wé. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan lọ síwájú dé ibi tí ojú ṣì ti lè rí i, kí ẹni tó mú kọ́ńpáàsì darí rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì kó tó lọ bá a. Títí di ìparí ìgbà ìrúwé, òjò dídì lè yọ kọjá etí ọ̀gbun bí etí òrùlé, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ yóò bá a já lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣìnà pátápátá, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n. Bí fóònù bá ń ṣiṣẹ́, ẹ pe 999, ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ pé olùgbàlà orí òkè ni ẹ ń fẹ́.

Bí ẹ bá padà dé ìdí kẹ̀kẹ́, ẹ wọ ẹ̀wù òtútù àti ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó gùn ún, nítorí atẹ́gùn yóò bá òógùn lára yín. Ẹ tẹ bíréèkì wò lẹ́ẹ̀mejì kí kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.