Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn Àjò Odò Zambezi: Mọ́tò, Ẹsẹ̀ àti Ọkọ̀ Ọpọ́n

Odò ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò, kì í ṣe mọ́tò. Láti Chirundu, ní ẹnubodè Zimbabwe àti Zambia, omi Zambezi ń ṣàn lọ sí Mana Pools, ọgbà ẹranko igbó ní Zimbabwe, ẹni tó bá sì bá a lọ nínú ọkọ̀ ọpọ́n kò ní tù ú padà. Ibi tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí ni mọ́tò gbọ́dọ̀ ti máa dúró dè yín. Mo pín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin fún omi, mo ṣètò awakọ̀ tí yóò gbé mọ́tò gba orí ilẹ̀ lọ sí Nyamepi, ibùdó àgọ́ nínú ọgbà náà, ìgbà yẹn ni mo tó fi ọjọ́ ìrìn ẹsẹ̀ kún un.

Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni mo yàn. Koríko ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, adágún inú igbó ti ń gbẹ, ẹran á wá máa rọ́ wá sétí odò. Ní oṣù kẹwàá, ooru lè kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius; láti oṣù kọkànlá sì ni òjò ti ń sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Igi kan wà létí omi níbẹ̀, Faidherbia albida, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Ó máa ń wọ́wé nígbà òjò, á sì yọ ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èso rẹ̀ ló ń fa erin wá, títí kan àwọn akọ erin tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì dúró kí ọwọ́ ìjà wọn lè tó ẹ̀ka. Ìyẹn nìkan tó ìdí láti lọ.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ẹ tó rìn, torí Zimbabwe ń béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà wà níbẹ̀ gidi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rò pé ara yín ṣì lè gbógun ti ibà bíi ti ìgbà èwe. Ẹ lo oògùn ìdènà bí dókítà bá ṣe sọ, títí kan èyí tó kù láti lò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà délé.

Láti Harare, ìlú Karoi ni kí ẹ ti kún táǹkì àti kẹ́ẹ̀gì, torí kò sí ilé epo nínú ọgbà náà. Wọ́n á yẹ ìwé àṣẹ ìwọlé yín wò ní Marongora, ọ́fíìsì ọgbà náà tó wà lójú ọ̀nà, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ̀kalẹ̀ orí òkè, ẹ ó sì yà kúrò lórí ọ̀dà. Nǹkan bí 70 kìlómítà tó kù rí gbágungbàgun bíi páànù ìbolé. Ìgbọ̀n yẹn ló ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ gbé táyà ìpààrọ̀ méjì. Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ kó lè tẹ́ lórí yanrìn, kí ẹ sì ní pọ́ǹpù tẹ́ ẹ ó fi fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń gbóná lórí eré, á sì bẹ́. Wíwa mọ́tò lóru kò bófin mu nínú ọgbà, nítorí náà ìdájí ni kí ẹ kúrò ní Harare.

Lórí omi, erinmi ni olórí ewu, ju ọ̀nì lọ. Lọ́sàn-án, inú omi ló ń sinmi sí, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ibi tó jìn ló máa sá lọ. Ẹni tó bá wà láàárín òun àti ibú ni ọkọ̀ rẹ̀ máa dojú dé. Ìdí nìyẹn tí atọ́nà fi ń tọ ibi tí omi kò ti jìn, tó ń fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí àwọn erinmi lè gbọ́, tó sì ń dúró títí orí wọn yóò fi yọ kó tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí erinmi bá wà lórí ilẹ̀ létí odò, òdìkejì ni: ẹ jìnnà sí etí náà, torí ibẹ̀ ni yóò gbà já wọ omi. Ẹ má ti ọwọ́ bọ omi nítorí ọ̀nì. Ẹ tẹ́ ẹrù tó wúwo sí ìsàlẹ̀ láàárín ọkọ̀, kí ẹ sì so ó. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán máa ń kọjú sí yín, á sì ru ìgbì sókè, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ti máa tukọ̀. Bó bá dalẹ́, ẹ fa ọkọ̀ jìnnà sí omi, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀: dáàmù Kariba ló ń darí odò yìí, omi lè ga láìsí òjò kankan.

Ìwé àṣẹ atọ́nà ọkọ̀ ọpọ́n kì í ṣe ti ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ó ti pẹ́ tí Mana ti ń gba ènìyàn láyè láti rìn láìní atọ́nà, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ tò tẹ̀lé ara yín lẹ́yìn atọ́nà láìsọ̀rọ̀. Eérú ló ń gbọ̀n sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí erin má baà gbóòórùn yín. Bí ẹfọ̀n bá yọ, ẹ má sáré. Ẹ má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú, torí àwọ̀ wọ̀nyí ló ń fa eṣinṣin tsetse.

Ibùdó kò ní odi yíká. Ẹ má gbé ọsàn wọlé rárá: erin ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì lè ya mọ́tò tàbí àgọ́ nítorí rẹ̀. Inú àpótí irin ni oúnjẹ ń wà, nínú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ ti dé, nítorí ọ̀bọ lọ́sàn-án àti ìkookò lóru. Bàtà náà, inú àgọ́ ni kó sùn.