Ìkókó Nílé Àgbẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ìyá Ọmọ, Bàbá Ọmọ Àti Ìyá Àgbà Mọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ìyá ìkókó tó ń gbé nílé àgbẹ̀ la kọ ìwé yìí fún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yan gàrí, tẹ́ ẹ̀ ń sá kòkó, tẹ́ ẹ̀ ń gbin ẹ̀gúsí. Ìwé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n máa ń pín lọ́sibítù, àfi bíi pé ẹni tó kọ ọ́ rò pé ẹ jókòó sílé ni, ẹ ò níṣẹ́ míì. Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ náà kà á, kí ìyá àgbà tó wá wẹ ọmọ gbọ́ ọ, torí púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe ìkókó léṣe, kì í ṣe nǹkan àjèjì, ó wà nínú àpótí aṣọ wa, ó wà lára aṣọ oko, ó wà nínú abọ́ ẹ̀pà.

ỌYÀN NÌKAN TÍTÍ DI OṢÙ 6

Kí wákàtí kan tó pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bímọ, ẹ fi ọyàn sọ́mọ lẹ́nu. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó ki, tó ní àwọ̀ yẹ́lò yẹn, ẹ má fún un dànù, àwọn àgbà kan a ní ó ti dọ̀tí, kò dọ̀tí rárá, ohun tó ń gbógun ti àrùn ló kún inú ẹ̀. Látọjọ́ yẹn títí di oṣù 6, kò sí omi, kò sí glúkóòsì, kò sí àgbo, kò sí gíráìpù wọ́tà. Oògùn tí dókítà bá kọ nìkan ló lè tẹ̀ lé ọyàn.

Mo mọ̀ pé ibí yìí nìjà máa ń wà. Ìyá ọkọ á ní oòrùn yìí ńkọ́, ṣé ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ò ní gbẹ ni? Ẹ fi pẹ̀lẹ́ dá wọn lóhùn pé ìyá, omi ló pọ̀ jù nínú ọyàn, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó tó o. Ikùn ìkókó kéré, tómi bá ti kún un kò ní mu ọyàn mọ́, tí kò bá sì mu ọyàn, ọyàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ pé ìyá ọmọ ò lómi lọ́yàn. Ẹnu tọ́mọ fi ń fà á ló ń mú kí ọyàn wá. Ẹ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru, òru ṣe pàtàkì.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń yó? Ẹ wo ìtọ̀ ẹ̀. Láti bí ọjọ́ 5 lọ, ó yẹ kó máa tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kí ìtọ̀ ọ̀hún má pọ́n. Ọmọ máa ń fọn díẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fòyà, ó yẹ kó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n bí i tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ 2.

Tí oko bá pè yín, tí ò sí bẹ́ ẹ ṣe lè gbé ọmọ lọ, ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fún ọyàn sínú ife onídèérí tẹ́ ẹ ti bọ̀ nínú omi híhó, ẹ gbé e síbi tó tutù nínú ilé, kó má jù wákàtí 4 lọ. Ife kékeré tàbí ṣíbí ni kí ẹni tó ń bá yín mú ọmọ fi fún un. Fídà ò wù mí, mi ò ní purọ́ fún yín, rọ́bà ẹnu ẹ̀ ṣòro fọ̀ mọ́, ibẹ̀ sì nìgbẹ́ gbuuru ti ń wọlé.

ÌKÓMỌ ÀTI OYIN

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á kó oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi jọ, wọ́n á ṣàdúrà, àṣà wa ni, ó dáa. Àmọ́ kí oyin má kan ẹnu ìkókó o. Kòkòrò kan wà tó máa ń fara pamọ́ sínú oyin, àgbàlagbà ò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n nínú ìfun ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ó lè hù, kó máa ṣe májèlé tó ń mú kí iṣan ọmọ rọ, ọmọ ò ní lè fa ọyàn, mímí á nira. Kí ìyá ọmọ tọ́ oyin náà wò lórúkọ ọmọ, àdúrà á gbà. Bákan náà ni ataare, àgbà ni kó jẹ ẹ́.

ÌWỌ́

Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni wọ́n ń fún àwọn ìyá ọmọ ní ilé ìwòsàn ìjọba báyìí. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi pa ojú ìwọ́ àti ìdí ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bí wọ́n bá ṣe júwe ẹ̀ fún yín. Kó má kan ojú tàbí etí ọmọ rárá. Ìgbẹ́ ẹran, eérú, epo bẹntiróòlù, ọṣẹ ìfọyín, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kó kúrò níbẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ ìwọ́ bá pupa, tó wú, tó ń rùn, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.

KÁŃFỌ̀

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa. Káńfọ̀ funfun róbótóróbótó tá a máa ń jù sáàárín aṣọ, kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí ìkókó wà. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, ọ̀pọ̀ ọmọ ni tiwọn ò tó nílẹ̀ wa níbí, pàápàá ọmọkùnrin, ẹ ò sì lè fojú mọ̀ ọ́n, ọmọ á sanra á dán. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, tàbí aṣọ tó ti bá káńfọ̀ sùn bá kan ara ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹyinjú á di yẹ́lò, ara á di yẹ́lò, tó bá sì pọ̀ jù á wọ ọpọlọ, ọmọ lè dití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè le gbagidi, kó má lè jókòó kó má lè rìn títí ayé, ó sì lè kú.

Ẹ sì wo ibi tí aṣọ ìkókó ti máa ń wá: aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ọdún mẹ́ta, ṣọ́ọ̀lù tí màmá àgbà tọ́jú, aṣọ aró àti aṣọ òkè tí wọ́n máa fi gbé e lọ́jọ́ ìkómọ. Gbogbo ẹ̀ ló ń rùn káńfọ̀. Nígbà tí oyún bá wọ oṣù 8 ni kẹ́ ẹ ti kó gbogbo ẹ̀ síta, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ tún un fọ̀ tó bá ṣì ń rùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ tó wọ aṣọ tó ń rùn káńfọ̀, kó lọ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ìpara tó ń ta sánsán náà, ẹ gbé e jìnnà, òrí tó mọ́ tó fún ara ìkókó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ ọmọ wò: ẹ gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ, ẹ fìka tẹ imú tàbí iwájú orí ẹ̀ díẹ̀, ẹ yọ ìka, ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀, ẹ wo ẹyinjú náà. Tí yẹ́lò bá yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i gan-an, tàbí tó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ ń sùn ṣáá tí ò fẹ́ mu ọyàn, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní iná búlúù kan tí wọ́n máa tẹ́ ọmọ sábẹ́ ẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀, omi ìbẹ́pẹ ò lè ṣe é, glúkóòsì ò lè ṣe é, ńṣe ni wọ́n á kàn fi àkókò ṣòfò.

Tìróò ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Òjé ló máa ń wà nínú ẹ̀. Lọ́dún 2011 nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan, tìróò tí wọ́n mú láti Nàìjíríà ni wọ́n ń fi kùn ún lójú, nígbà tí wọ́n yẹ tìróò ọ̀hún wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 ẹ̀ tó jẹ́ òjé. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, kì í sì í hàn lójú bọ̀rọ̀.

OKO, ÈÉFÍN, OÒGÙN KÒKÒRÒ

Ẹ má fi ọmọ sẹ́yìn jókòó ti agbada gàrí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn lọ́mọ ti ń sùn dáadáa, àmọ́ ẹ wò ó, èéfín tó ń lọ sókè yẹn, ibi tí imú ọmọ wà gan-an ló ń gbà kọjá, ẹ̀yin ń gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ò lè gbé e. Òtútù àyà máa ń pọ̀ lára ọmọ tó ń fa èéfín. Ẹ gba iṣẹ́ míì ṣe ní ibùdó gàrí fún oṣù mélòó kan, bíi bíbó ẹ̀gẹ́, sísẹ́ gàrí, kí ẹlòmíì jókòó ti iná. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn láì jẹ́ pé ó bẹ̀bẹ̀.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọ́dọ̀ fín oògùn sóko, kò sì gbọ́dọ̀ po ó. Tí bàbá ọmọ bá fín in, kó bọ́ aṣọ síta, kó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kó tó gbé ọmọ mọ́ra, kí wọ́n fọ aṣọ ọ̀hún lọ́tọ̀, kó má bá aṣọ ọmọ pàdé nínú báàfù kan náà. Gálọ́ọ̀nù oògùn, bó ti wù kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tó, kì í ṣe ohun ìpọnmi. Ọ̀tapíàpíà ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ọmọ, àwọ̀n ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ fi bò ó, lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá gbé ọmọ dé oko, abẹ́ àbà ni kó wà, kì í ṣe orí ilẹ̀, ìjàlọ àti ejò ò mọ ìkókó. Kí ọrùn ẹ̀ tó gbó, ẹ má dì í mẹ́yìn rìn ọ̀nà jíjìn.

LÁTI OṢÙ 6: OÚNJẸ ỌMỌ LÁTINÚ OKO YÍN

Ògì nìkan ò tó. Bá a ṣe ń sẹ́ ògì tá a ń da èérí ẹ̀ nù, ohun tó ń fún ọmọ lágbára náà là ń dà nù pẹ̀lú ẹ̀. Ó máa kún ikùn, àmọ́ ọmọ ò ní dàgbà bó ṣe yẹ.

Ohun tá a máa ń kọ́ àwọn ìyá ni pé kí wọ́n po àgbàdo tàbí ọkà bàbà agolo 6, sóyà agolo 3, ẹ̀pà agolo 1. Agolo mílíìkì kan náà lẹ máa fi wọn gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣa sóyà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ yan án lórí iná tí ò le títí tá á fi ta sánsán, torí sóyà tí ò jinná máa ń da inú ọmọ rú. Ẹ yan ẹ̀pà lọ́tọ̀, ẹ bó o. Ẹ yan àgbàdo náà. Ẹ lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ kù ú, ẹ fi sínú ike gbígbẹ onídèérí. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ se é, ẹ fi omi tútù pò ó kó tó wọ orí iná, kó hó dáadáa bíi ìṣẹ́jú 10, ẹ má jẹ́ kó ṣàn bí omi ẹ̀kọ, kó dúró lórí ṣíbí. Ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i, ẹ lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ tẹ́ ẹ ti yọ egungun ẹ̀ sí i, lọ́jọ́ míì ẹyin tó jinná dáadáa. Ṣíbí 2 sí 3 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ọyàn ṣì máa lọ títí di ọdún 2.

Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó bá ti bu, tó dúdú, tó rún, ẹ ṣa á dànù, ẹ má sọ pé sísè á pa á. Májèlé tó wà nínú bíbu yẹn kì í kú lórí iná, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń bá jà, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ga. Èyí tó mọ́ jù nínú ìkórè yín, ti ọmọ ni, kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù lọ sọ́jà.

Ẹ gbin kúkúńdùkú aláwọ̀ ọsàn sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gẹ́ yẹ́lò náà, láti 2011 ni wọ́n ti gbé e jáde fún àgbẹ̀ Nàìjíríà, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, vitamin A wà nínú ẹ̀, ó dáa fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọmọ. Kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí itan, kí wọ́n fọwọ́ dí i nímú, kí wọ́n máa da ògì sí i lẹ́nu, bó bá ṣe ń sunkún bẹ́ẹ̀ ló ń fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí ò bá fẹ́ jẹun mọ́ ti yó, tàbí ara ẹ̀ ò yá.

TÍ ARA Ò BÁ YÁ

Ìgbẹ́ gbuuru: ẹ má dá ọyàn dúró. Ẹ ra ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mómi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ wo ara páálí, èyí tó bá ní kẹ́ ẹ pò ó sínú lítà kan, ọ̀rá piọ wọ́tà 2 tó jẹ́ 50cl ló ṣe lítà kan. Ẹ fún un ní ṣíbí ṣíbí. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní zinc náà ń tẹ̀ lé e, fún ọjọ́ 10 sí 14, ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6 máa lo ìdajì hóró 20mg lójúmọ́, ẹni tó ti pé oṣù 6 máa lo odindi.

Gìrì: ẹ dẹ̀gbẹ́ ọmọ sílẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ súnmọ́ iná. Ọsibítù. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 2 tí ara ẹ̀ gbóná tàbí tó tutù nini, tàbí tó ń mí ní ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó fara balẹ̀, tàbí tí ò mu ọyàn, ọsibítù, ì báà jẹ́ òru.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14, oṣù 9, oṣù 15. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Tí ara bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n fún un ní àrùn.

ÌYÁ ỌMỌ FÚNRA Ẹ̀

Kí ẹ jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín tán. Omi tẹ́ ẹ ń jókòó sí, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ẹni tó ní kó máa bó yín lára kó tó ṣiṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ̀jẹ̀ bá kún páàdì láàárín wákàtí kan, ẹ sáré.

Ẹkún àti ìbánújẹ́ díẹ̀ wọ́pọ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ 2, tí ọmọ ò wu ìyá ẹ̀ wò, tí ò lè sùn kódà nígbà tọ́mọ bá sùn, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Tó bá ti ń gbọ́ ohùn tí ẹnì kankan ò gbọ́, abísínwín nìyẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ má sì dè é mọ́lẹ̀.

Bàbá ọmọ, omi pípọn, igi ṣíṣẹ́ àti aṣọ fífọ̀ ti di tiyín fún ogójì ọjọ́, ó kéré tán. Ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ síbì kan tí ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kàn, kí nọ́ńbà ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ wà lára ògiri, kí káàdì ọmọ wà lábẹ́ ẹ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan bá le lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri.