Àṣìṣe Tó Máa Ń Ba Ẹni Tuntun Jẹ́ Ní Pápá Ìyìnbọn-Sáwo

Bí ọ̀rẹ́ tàbí ará ibi iṣẹ́ bá pè yín lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè ní Ìlú Ọba, ẹ lè máa rò pé iye àwo tí ẹ bá fọ́ ni wọn yóò fi kà yín sí ara wọn. Irọ́ ni. Ẹ lè tàsé gbogbo àwo 25, kí wọ́n sì bá yín mu tíì, kí wọ́n ní kí ẹ padà wá. Bí ẹ ṣe ń gbé ìbọn nígbà tí kò tíì kàn yín láti yìn ín ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń ṣọ́.

Ẹ má gbé ìbọn rìn ní pípadé. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń lò máa ń ṣẹ́ láàárín. Tí ẹ bá ti kúrò níbi ìyìnbọn, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo ojú rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi í sínú àpò rẹ̀. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé òfo ni. Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Èyí tó burú jù ni yíyíjú sẹ́yìn. Ẹni tuntun á fa apátí, ìbọn ò ní dún, ló bá yí padà tìbọn-tìbọn, ó ń béèrè pé kí ló dé. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ẹnu ìbọn ti wo àyà gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn ayọ̀ ló ń fà á: àwo fọ́, ó fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Bí ìbọn ò bá dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ máa wo pápá, kí ẹ má tètè ṣí i, nítorí ọta lè pẹ́ kó tó dún. Ẹ dúró kí ẹni tó ń bójú tó yín wá bá yín.

Ẹ má sì kó ọta 12 àti ọta 20 sápò kan náà láé. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín. Bí ọta 20 bá bọ́ sínú ìbọn 12, yóò yọ̀ wọlé, yóò há sínú ọ̀pá níwájú. Ẹni tó ni ín á wo ẹ̀yìn ìbọn, á rí i lófìfo, á rò pé òun ò tíì ki nǹkan kan sí i, á wá ki ọta 12 tì í lẹ́yìn. Bó bá yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọta 20 nítorí èyí, ṣùgbọ́n àwọn ọta mìíràn náà lè jẹ́ yẹ́lò. Nọ́ńbà ni kí ẹ kà.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ lè yìnbọn sí àwo ní pápá tí ọlọ́pàá ti fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n kò lè ní ìbọn tirẹ̀ nílé láìgba ìwé àṣẹ, tó máa ń lo ọdún 5. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rán lẹ́wọ̀n ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ ìbọn pápá. Ibi tó máa ń nira fún àwa ni kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbọn. Ìyàwó tàbí ọkọ tí kò ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ lè dé ìdí rẹ̀, áńbọ̀sì àbúrò tó ti Ìbàdàn wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe pé ẹ ò fọkàn tán wọn.

Ẹ má kánjú ra ìbọn. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí olùkọ́ wo èwo nínú ojú yín ló ń darí ekejì, torí ẹni tó ń fi èjìká ọ̀tún yìnbọn nígbà tí ojú òsì ń darí rẹ̀ yóò máa tàsé láìmọ ìdí. Ẹ bi pápá náà irú ọta tí wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ èyí tó ní ike nínú, nítorí ike náà ń fọ́n sórí oko olóko.

Ní ti rẹfirí, ẹni tó ń sọ bóyá àwo fọ́ tàbí kò fọ́, eruku tó tú lára àwo kò kà. Àfi kí ègé kan já kúrò lára rẹ̀, kí ojú sì rí i. Bí ẹ bá rò pé ó ṣì í wò, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba ohun tó bá sọ. Kí ẹ má sì máa kọ́ ẹni tí kò bẹ̀ yín kí ẹ kọ́ òun. Àwọn ọkùnrin ló ń ṣe ìyẹn jù, àwọn obìnrin tó yìnbọn jù wọ́n lọ ni wọ́n sì sábà máa ń ṣe é sí.