Ṣé kẹ́ ẹ fowó kún un mú yàrá oníbákónì nínú ọkọ̀ òkun?

Ẹ má tíì sanwó o, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Tó bá jẹ́ Alaska ni, ẹ mú un jàre, torí tẹ́ ẹ bá dé Glacier Bay, ibi tí òkè yìnyín pọ̀ sí níbẹ̀, ẹ máa wọ kóòtù jókòó síta yàrá yín, ẹ máa wo òkè yìnyín tó ń ya sínú omi gbàà, ọkọ̀ sì máa ń yí po kí tọ̀tún tòsì lè rí i. Àmọ́ Caribbean tó jẹ́ pé bíìṣì lẹ ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣáá, ta ló fẹ́ jókòó sí yàrá? Ẹ yẹ máàpù tó ń fi ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ hàn wò dáadáa, àwọn bákónì kan wà tí ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ̀mí là dí lójú. Ẹni tí òyì òkun máa ń kọ́, kó mú àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀.