Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ, Ẹ Má Kọ́kọ́ Wá Iṣan

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn kéékèèké, ẹ fetí sí mi. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí gìrì mú wọlé, tó ṣì ń gbọ̀n rìrì, ẹ má wulẹ̀ máa gún ọwọ́ rẹ̀ kiri pé ẹ ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀. Gìrì tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, oògùn la fi ń dá a dúró, ọ̀nà ihò ìdí sì yá ju kí ẹ máa wá iṣan kiri lọ.

Ẹ fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un ní ọ́síjìn bó bá wà. Ẹ má ti ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀ o, eyín tó ká lẹ ó máa ṣà.

Diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 10 nínú mílílítà 2, ni kí ẹ fà sínú sìríǹjì tẹ́ẹ́rẹ́: mílílítà 0.1 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kílò 10 á gba mílílítà 1. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ ẹnu sìríǹjì kúrò, kí ẹ sì tún wò ó pé ẹ ti yọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ ti ẹnu sìríǹjì náà wọ ihò ìdí ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, ẹ tẹ oògùn sí i, kí ẹ wá fọwọ́ pa ìdí ọmọ náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín ti ń kánjú, tí oògùn á fi ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wo aago. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló parí rẹ̀. Bí gìrì kò bá tíì dáwọ́ dúró, phenobarbital, oògùn gìrì mìíràn, ló kàn, torí diazepam àpọ̀jù lè pa èémí ọmọ. Kí báàgì tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn wà nítòsí. Ẹ má gún diazepam sí itan, kì í tètè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, phenobarbital ni tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá lọ sílẹ̀, dextrose 10% (omi ṣúgà) ni, mílílítà 5 fún kílò kan, sínú iṣan. Ẹ yẹ ibà wò pẹ̀lú.

Lọ́dọ̀ tiwa n'Íbàdàn, bí mo bá ti gbóòórùn àdí àti àlùbọ́sà lára ọmọ, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti yà síbì kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù pẹ̀lú ewé tábà: ó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ó sì ń dín èémí kù. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè: “Mọ́mì, kí lẹ ti lò fún un nílé?” Bẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn, yóò ní òun ò lo nǹkan kan.

Bẹ́ ẹ bá ń gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn ńlá, ẹ kọ iye oògùn àti aago tẹ́ ẹ fún un sójú ìwé, kí àwọn tọ̀hún má baà tún un fún un.